Obìnrin Tí Kò Sí Nínú Fíìmù

Ọkọ mi fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa wo òun. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti wá. Sirajudeen ni orúkọ rẹ̀. Léèsì ló ń tà ní Badagry láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan, tí kálukú ń rán aṣọ bí ẹni pé wọn ò ní rí òmíràn rà mọ́ láyé. Tẹ́lẹ̀, "wọ́n" ni mo máa ń fi pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, bí obìnrin ilé ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Mi ò ṣe é mọ́. Ọ̀wọ̀ tó ti gbà lọ́wọ́ mi ti tó o.

Èmi ni Dosi. Bàbá mi, Sagbo, apẹja ará Tòpó, ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì. Ègùn ni wá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Tòpó níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Nígbà tí Sirajudeen ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lójoojúmọ́ nítorí mi, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi lórí iyanrìn tòun ti aṣọ funfun, ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi. Kò gbọ́ òórùn èéfín lára mi nígbà yẹn. Ó ní òórùn mi dùn. Mo fẹ́ ẹ, mo gba ẹ̀sìn rẹ̀, Àáfà Yẹ̀kínì sọ mí ní Hùmúàní, mo ń kírun, mo ń gbààwẹ̀, mo bí Mùkáílà, mo bí Safiyat. Mo sì ń yan ẹja mi lọ. Ẹja yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù léèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ mi rí.

Ká ní ẹ rí i lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀! Lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé Mùsùlùmí nílùú wa ló máa ń lọ sí sinimá. Bí a bá ti yìdí dé, tí a jẹun, tí àwọn ọmọdé kí àwọn àgbà ilé tán, sinimá ló kù. Baálé ilé tí kò bá kó ìdílé rẹ̀ lọ, wọ́n á ní ọdún kò dùn nílé rẹ̀. Gbọ́lágadé ló ni ibẹ̀. Ògiri funfun kan ni, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì onígi, páànù bo ìdajì, ìdajì tó kù ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀fọn àti atẹ́gùn òkun. Fíìmù Íńdíà la máa ń wò jù. A ò gbọ́ èdè wọn, a ò sì bìkítà. Bí ìyá bá ń wá ọmọ rẹ̀ kiri, ó yé wa. Bí ọkọ bá dalẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó yé wa, a ó sì ṣépè fún un lédè Yorùbá àti lédè Ègùn.

Sirajudeen kì í wo fíìmù kankan ní tirẹ̀. Torí kí wọ́n lè wo òun ló ṣe ń lọ. Á dúró síta títí bẹ́ǹṣì á fi kún, á wá tò wá bí ọmọ ilé ìwé: òun níwájú nínú léèsì tó ń dán yinrin, Mùkáílà tẹ̀ lé e, Safiyat tẹ̀ lé Mùkáílà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nurat, tẹ̀ lé wọn, èmi wá kẹ́yìn pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá, ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò pè mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kí mi pé, "Ìyàwó Sirajudeen, ẹ kú ọdún o," ojú ọkùnrin náà máa ń yí padà díẹ̀. Mo máa ń rí i. Mo kàn ń dákẹ́ ni, torí èmi fẹ́ wo fíìmù.

Nígbà tó yá, oyè Bàbá Àdínì ṣófo ní mọ́ṣáláṣí wa. Ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ ẹ, torí wàhálà oyè náà pọ̀. Sirajudeen fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti ń dá wé láwàní níwájú dígí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kan wá láti Èkó, Ìmọ́lẹ̀ Etíkun ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fíìmù nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù létíkun, kí ayé lè rí bí ilé Mùsùlùmí rere ṣe rí. Ọ̀gbẹ́ni Ìgè lẹni tó ń darí fíìmù náà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í bọ́ awò dúdú lójú, àfi bíi pé oòrùn Badagry ń bá a jà. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò. Sirajudeen bẹ̀, ó fi aṣọ ránṣẹ́, ó pàrọwà, títí wọ́n fi ní kó dáa, ilé rẹ̀ làwọn máa wá.

Lábẹ́lẹ̀ ni mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé. Iwájú nìkan ló kùn. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ààrò mi wà, kò kàn án.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n dé ló pè mí jókòó. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Ìgè fẹ́ ìyá tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lójú ẹ̀rọ, tí kò ní ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ó ní mo mọ̀ pé ahọ́n Ègùn ló wà lẹ́nu mi, bí mo bá ka Lárúbáwá, àwọn ará Èkó á rẹ́rìn-ín. Ó ní èéfín ti pọ́n mi lójú. Ó ní Nurat lọ ilé kéwú, ohùn rẹ̀ sì dáa, òun ló máa jókòó ti àwọn ọmọ. Mo bi í pé kó jókòó gẹ́gẹ́ bíi kí ni? Ó ní kó ṣáà jókòó ni, kó kà fún wọn, kí ni mo ń da ara mi láàmú sí? Nurat kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá kan bàbá kan lòun àti Sirajudeen. Mo rò pé bí àǹtí bá ń kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kéwú, ìtìjú wo ló wà ńbẹ̀? Mo ní ó dáa.

Wọ́n dé. Wọ́n fa wáyà kiri ilé, wọ́n ti àga, wọ́n gbé Kùránì lé Sirajudeen lẹ́sẹ̀. Èmi wà lẹ́yìnkùlé nídìí ààrò, lẹ́bàá fèrèsé, mò ń se oúnjẹ fún àlejò. Nurat kéwú, ó dùn létí, kí n má parọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ní kí baálé fi ìdílé rẹ̀ han ayé.

Sirajudeen na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi nìyí. Òun nìkan ni mo ní. Mi ò ní ìyàwó mìíràn."

Mo gbọ́ ọ kedere. Ọmọrogùn wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí Nurat gbójú sókè, tí ó la ẹnu, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wò ó ní ìwò kan báyìí tí ó fi pa ẹnu náà dé. Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ní alùpùpù kan kọjá níta, ariwo rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ, kí baálé tún un sọ. Ó tún un sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, èéfín ẹja mi gba ojú fèrèsé wọlé, ikọ́ gbé e. Wọ́n fún un lómi. Ó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ní ó wúyì.

Wọ́n wá bi Safiyat pé ta ló kọ́ ọ ní Fátíhà. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá ti sọ ohun tó máa wí fún un, ó ti ṣèlérí bàtà fún un. Ọmọ náà nawọ́ sí Nurat, ó ní, "Ìyá mi ni."

Ó dùn mí. Mi ò ní fi bò. Fátíhà tí èmi fi ọjọ́ orí àgbà kọ́, tí mo ń kà lábẹ́lẹ̀ nídìí ààrò kí n má baà gbàgbé, èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn lẹ́sẹẹsẹ. Mo jókòó sórí igi ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bu oúnjẹ fún wọn, kí ni ǹ bá ṣe? Wọ́n jẹ ẹja mi, wọ́n pọ́n ìka lá. Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ní kí wọ́n bá òun kí ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bi ọkọ mi pé kí lohun tó ṣe yẹn. Ó ní eré ni. Ó ní Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ, àwọn tẹlifíṣọ̀n àti àwọn Lárúbáwá òkè òkun ló máa wò ó, ta ló mọ̀ wá níbẹ̀? Ó ní bí òun bá mú mi jáde, wọ́n á bi mí léèrè ìlú mi, ọ̀rọ̀ Tòpó àti Kátólíìkì á wọ̀ ọ́, fíìmù á bàjẹ́, oyè á sì bọ́. Ó ní ṣé n kò fẹ́ jẹ́ ìyàwó Bàbá Àdínì ni? Mo ní ìyàwó rẹ̀ kan ṣáà ti wà nínú fíìmù, kó lọ bi ìyẹn. Ó ní ahọ́n mi mú jù. Ó wọlé lọ sùn, ó sì sùn fọnfọn, ẹni tí kò nítìjú máa ń sùn dáadáa.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn ará Èkó náà mọ ẹ̀tọ́. Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ dé, wọ́n ní àwọn ò lè wá ya fíìmù nílùú, káwọn má jẹ́ kí ìlú wò ó. Yìdí la wà tí wọ́n ti kéde rẹ̀: nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní sinimá Gbọ́lágadé, kí fíìmù Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀, a máa kọ́kọ́ wo fíìmù ẹ̀sìn tí wọ́n yà ní Badagry, nínú ilé ọmọ wa Sirajudeen. Àwọn èèyàn gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú ayọ̀. Mo wojú rẹ̀. Omi ti gbẹ lẹ́nu ọkùnrin náà. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń wá ẹni tó máa wo òun, wọ́n wá dé tán, ó ń wá ibi tó máa sá sí.

Nílé, ó ní orí ń fọ́ mi. Mo ní orí mi ò fọ́ mi. Ó ní ó máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, kí n sinmi nílé. Mo gbé kúlà mi. Ó dá a lábàá fún Nurat náà pé kó má lọ, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà ti dé láti mú un, wọ́n ti gbọ́ pé ó wà nínú fíìmù. Òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó sílé. Ta ló máa gbọ́ pé ìlú ń wo fíìmù ẹni tí ẹni náà kò lọ?

A wọlé. Ọjọ́ yẹn, kò tò wá.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sà àti igi àgbọn, ohùn kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa àwọn baba wa. Iwájú ilé wa jáde lójú ògiri, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Sirajudeen jáde, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nurat kéwú, àwọn ìyá ń ṣe "Máṣàá Àlláà". Lẹ́yìn ìyẹn ló na ọwọ́ sí i lójú ògiri, orí rẹ̀ tóbi tó ilé, ó ní ìyàwó òun nìyí, òun nìkan lòun ní, òun ò ní ìyàwó mìíràn.

Ẹnì kan lẹ́yìn wá fọhùn, ó rọra bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, ṣé Nurat kọ́ nìyẹn ni, àbúrò rẹ̀? Bí ẹ̀rín ṣe bẹ́ nìyẹn. Ẹ ò rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin ń lu bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń kí i kú ìgbéyàwó, wọ́n ń bi í iye tó san ní owó orí fún ìyá ara rẹ̀. Nurat bo ojú, ó sáré jáde tòun ti ẹkún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nínú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ti bi Safiyat léèrè lójú ògiri, tí ọmọ mi nawọ́, tó ní ìyá òun ni. Ẹ̀rín rọlẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níwájú yíjú padà, wọ́n ń wò mí. Safiyat gidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ki orí bọ abẹ́ apá mi. Mo ti ń wo fíìmù Íńdíà láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára obìnrin inú ògiri nìyẹn.

Ìlú kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Bí Sirajudeen bá kọjá, àwọn ọmọ oníkẹ̀kẹ́ á ní "Ọkọ Nurat, ẹ káàárọ̀." Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ránṣẹ́ sí i pé kí ó lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́dọ̀ Àáfà Yẹ̀kínì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ láwàní. Èmi ti kó àwọn ọmọ mi lọ sílé àǹtí mi lálẹ́ ọjọ́ sinimá náà, òun ló wá ń bẹ̀ mí níbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Àáfà pé àìsàn ló ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, pé èmi ni mo bẹ Nurat kó bá mi jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ní bó bá kéré, kó fúnra rẹ̀ gbé e.

Àáfà Yẹ̀kínì ti dàgbà, kì í pariwo. Ó ní kí àwa àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí jókòó, ó ní kí n sọ tèmi. Mo sọ ọ́ láìfi kún un: ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibi tí mo wà. Àáfà wá bi Sirajudeen pé, ohun tó sọ yẹn tòun ti Kùránì lórí ẹsẹ̀, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, àwa kì í ṣe ẹlẹ́sìn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́, ṣé òpùrọ́ lẹ fẹ́ wé láwàní fún?

Sirajudeen ń làágùn. Ó ní, "Àáfà, eré ni."

Àáfà ní kò sí eré nínú rẹ̀. Ó ní Ànábì ti sọ fún wa pé ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀, ẹni tó fi ṣeré, bí ẹni tó sọ ọ́ tọkàntọkàn ló rí. Ó ní ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé, tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ní òun ò ní in, òun Yẹ̀kínì kò ní fojú kéré irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun á kà á sí ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, òun ò ní kà á sí mẹ́ta, torí ẹ̀rọ ló ní kó tún un sọ. Nítorí náà, àyè ìpadàbọ̀ ṣì wà. Àmọ́ òun ò ní dá obìnrin padà sílé tí wọ́n ti fi í pa mọ́, àyàfi tí obìnrin náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń padà síbẹ̀. Bó bá sì kọ̀, yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi dàgbà, bí ìlànà ẹ̀sìn ṣe wí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Hùmúàní ọmọ mi, kí lo fẹ́?"

Mo fẹ́ padà. Ẹ má jẹ́ kí n fi ìgbéraga sọ ohun tí kì í ṣe. Mo fẹ́ràn ilé yẹn, owó ẹja mi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo igun rẹ̀. Àwọn ọmọ mi mọ ibi tí ibùsùn wọn wà. Mo sì tún fẹ́ràn ọkùnrin òmùgọ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn nígbà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ẹni náà mọ́. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n rò pé aṣọ ni mo máa béèrè.

Mo ní, "Àáfà, ibi tó ti sọ pé mi ò sí, ibẹ̀ ni kó ti sọ pé mo wà. Kó dúró ní sinimá, lójú gbogbo èèyàn, kó ní Hùmúàní ọmọ Sagbo ará Tòpó ni ìyàwó òun, òun ló bí Mùkáílà àti Safiyat. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ilé ni mo ń lọ. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Àáfà ní kò pọ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ náà ní kò pọ̀ rárá. Sirajudeen ní ṣé òun ò lè sọ ọ́ níbí báyìí ni? Àáfà ní ibí kọ́ ni obìnrin náà béèrè. Sirajudeen ní, ó dáa, òun gbà. Ó fi Kùránì búra pé òun á sọ ọ́ bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́.

Gbọ́lágadé kò janpata. Ó mọ̀ pé èrò á ya wá, wọ́n sì ya. Ó kún ju ti ọjọ́ ọdún lọ, àwọn kan wá láti Ìjaníkin. Mo wọ aṣọ tó dáa jù tí mo ní, mo fi ọṣẹ fọ ara mi títí n kò fi gbọ́ òórùn èéfín mọ́, mo mú ọmọ mi méjèèjì, a jókòó láàárín àwọn obìnrin. Mo ti di ẹrù mi tó wà ní ilé àǹtí mi, pé bí a bá ti ibẹ̀ jáde, mo ń kó o padà sílé ọkọ nìyẹn. Mo ti ń ro ohun tí mo máa sè.

Sirajudeen dé pẹ̀lú léèsì tuntun. Léèsì tuntun, lọ́jọ́ tó fẹ́ wá tọrọ àforíjì! Ó dúró níwájú ògiri, wọ́n tan iná ẹ̀rọ sí i lára. Mo rí i bí iná yẹn ṣe wọ̀ ọ́ lójú, bí ọkùnrin náà ṣe nà ró, tí èjìká rẹ̀ gùn, tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ó kí gbogbo ìlú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìmọ́lẹ̀ Etíkun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Gbọ́lágadé. Ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ fíìmù ṣe le tó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n ní kó sọ ohun tó wá sọ. Ó wo ibi tí mo jókòó. Ó wo àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú, ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo rí ìtìjú tó gun ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú irọ́ tó pa. Èmi lojú ń tì í.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ilé ńlá nilé mi, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń bá wa dáná. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ará ilé wa lòun náà. Inú ń bí i pé kò hàn nínú fíìmù. Mo ní kó má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó rò pé ó ti ṣe é. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Àáfà Yẹ̀kínì tẹ orí ba, kò gbé e sókè mọ́. Àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé obìnrin ìdáná wo ló ń wí. Omi kò wá sójú mi, ó yà mí lẹ́nu. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkùnrin yìí kò tó nǹkan, pé kò tó nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé láàárín gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló kù tó ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde. Mo di Mùkáílà mú lọ́wọ́ kan, mo di Safiyat mú lọ́wọ́ kejì, a ń gba ojú orúnkún àwọn èèyàn kọjá lọ síta. Ìyá arúgbó kan jókòó ní igun bẹ́ǹṣì wa, etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ó di ìró mi mú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí ni ọkùnrin tó dúró nínú iná yẹn wí?

Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, kó lè gbọ́ mi.

"Ìyá," mo ní, "kò wí nǹkan kan."